Mo Ti Fi Òrí Pa Ìjánu Ọkọ̀ Rẹ

Félix ọmọ mi, má wa ọkọ̀ yẹn o! Nígbà tí o lọ wá gíríìsì láàárọ̀, mo rí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ tí o tú kalẹ̀, ó gbẹ bíi gìgísẹ̀ mi nígbà ọyẹ́. Mo bá bu òrí, mo ń kọrin, "Òrí dé, ara tù wá," mo fi pa gbogbo rẹ̀, títí kan ìjánu. Issa aládùúgbò wa ló pariwo: "Yéè, Ìyá! Ìjánu tó bá jẹ òrí kì í dá ọkọ̀ dúró!"

Má bínú. Fi ẹsáǹsì, epo tí ọkọ̀ ń mu, fọ̀ ọ́ dáadáa kí o tó dá táyà padà. Mo ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ofè tí o fẹ́ fi ọkọ̀ gbé mi lọ; odò sì wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà ibẹ̀. Ọmọ tuntun Germaine àbúrò rẹ ni mo fẹ́ lọ wẹ̀, n kò tíì fẹ́ bá ọ wọ odò.

Ìyá rẹ