Ẹ̀bẹ̀ Lórí Lẹ́tà Valentine Tí Òjò Pa

Perpétue Adékàńbí,
Ẹ̀bá Ibùdó Ọkọ̀ Ojú Irin,
Dassa-Zoumè,
Dàhòmì.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kọkànlá, ọdún 1967.

Alága Ìgbìmọ̀ Ìgbaniwọlé,
Ètò Ìwádìí àti Ìkọ́ṣẹ́ nípa Ìlànà Ìjọba,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ti Ètò Ìlú,
Àjàṣẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

BÍ Ẹ ṢE YỌ ORÚKỌ VALENTINE ADÉKÀŃBÍ KÚRÒ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN DÓSÍYÈ RẸ̀ YẸ̀ WÒ

1. Èmi ni ìyá Valentine, ọmọ ọdún méjìlélógún, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Aklampa. Ó béèrè fún àyè nínú ètò yín, láti fi oṣù mẹ́ta ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ yín, kí ó sì fi oṣù mẹ́ta kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ó yege nínú ìdánwò tí ẹ ṣe fún wọn ní oṣù Keje. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yín ti ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá sọ pé ẹ ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nítorí ẹ̀tàn, àti pé kò gbọdọ̀ béèrè mọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ìlànà yín ni pé kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ìbéèrè rẹ̀. Ẹ ní ọwọ́ tí ó kọ tirẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ tí ó kọ ìdánwò.

2. Òótọ́ ni. Ọwọ́ mi ni.

3. Valentine fi dósíyè náà, àkójọ àwọn ìwé ìbéèrè rẹ̀, rán awakọ̀ akẹ́rù kan sí mi, kí n bá a fi sínú ọkọ̀ ojú irin tí ń kó lẹ́tà lọ sí ọ̀dọ̀ yín. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án ni ó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì ni gbèdéke yín. Òjò ti pa á lọ́nà. Iṣẹ́ ìwádìí tí ó kọ mọ́ ọn, tí ó wà lábẹ́, kò tutù, ṣùgbọ́n lẹ́tà ìbéèrè ni ó wà lókè, tàdáwà sì ti ṣàn bo ìlà mẹ́rin nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin ni mo ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sínú ìwé ìbí ní ilé ìwòsàn kékeré ìlú wa. Bí ojú ìwé kan bá bàjẹ́, èmi ni mo máa ń dà á kọ sórí òmíràn, tòun ti ìfọwọ́sí, kò sì sí ọ̀gá kankan tí ó bá mi wí rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó, tí mo da lẹ́tà ọmọ mi kọ, tí mo sì fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ohun kan péré ni mo yí padà: níbi tí ó ti kọ pé òun fẹ́ àyè náà, mo kọ pé ó ń fi ìrẹ̀lẹ̀ tọrọ rẹ̀. Mo rò pé ìyẹn ni yóò dùn mọ́ yín.

4. Iṣẹ́ ìwádìí náà, tirẹ̀ ni látòkè délẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ni ó fi lọ sí abúlé Gbaffo lẹ́yìn Mísà, láti mọ ìdí tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣì fi ń gun òkè lọ pọn omi nínú ihò àpáta, nígbà tí kànga ìjọba wà lẹ́bàá títì. Ìyá àgbà kan, Isabelle, sọ fún un pé àwọn tí ó yan ibi tí wọ́n gbẹ́ kànga sí, kò sí ẹni tí ó ru ìkòkò omi rí nínú wọn. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Èmi tí mo ti ń mu omi òkè yìí láti kékeré, kò wá sí mi lọ́kàn rí láti béèrè. Nínú lẹ́tà yín, n kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa iṣẹ́ yìí.

5. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ẹ kò bi í. Ìlà márùn-ún ni ẹ kọ, ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá tí ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wọn wò, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn fi wọ ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Valentine kò mọ nǹkan kan. N kò sọ fún un títí ó fi wá sílé lọ́jọ́ Àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́ pẹ̀lú lẹ́tà yín lọ́wọ́. Kò bínú sí mi. Ó kàn béèrè bóyá mo fọwọ́ sí i pẹ̀lú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọ abọ́ tí a fi jẹun, ó wọ ọkọ̀, ó padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Léonard, ní kí n má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni mọ́, pé kálámù mi ti ṣiṣẹ́ tó lọ́dún yìí. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá ṣàlàyé fún yín bí kò ṣe ẹni tí ó bà á jẹ́?

6. Mo fi ojú ìwé tí òjò pa sínú àpò yìí. A kì í sọ ojú ìwé tí ó bàjẹ́ nù níbi iṣẹ́ wa, ìdí nìyẹn tí ó fi wà lọ́wọ́ mi. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìdánwò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọwọ́ kan náà ni. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ pè é kí ó wá kọ òmíràn níwájú yín. Bí ó bá sì di dandan kí orúkọ ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn nínú ìwé yín, ẹ pa tirẹ̀ rẹ́, kí ẹ kọ tèmi síbẹ̀.

7. Èsì yín, ẹ jọ̀wọ́, kí ó má gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Ẹ kọ ọ́ sí Valentine fúnra rẹ̀, ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Aklampa. Yóò pẹ́ kí ó tó dé ọ̀hún ju kí ó dé ọ̀dọ̀ mi lọ. Ẹ jẹ́ kí ó pẹ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín, tí mo ń retí àánú yín,

Perpétue Adékàńbí,
Akọ̀wé Ìwé Ìbí, Dassa-Zoumè.