Òpó Mẹ́rin Níwájú Ilé Yín

Bàbá mi tí n kò yéé bá sọ̀rọ̀,

Ọ̀rọ̀ ilé yín ní Ìwàrò-Ọ̀kà ni mo gbé wá. Bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ tún iwájú rẹ̀ kọ́. Wọ́n fẹ́ gbé òpó ńlá mẹ́rin síbẹ̀, òpó ọlọ́nà bíi ti àwọn ilé tuntun tó wà ní Ìkàrẹ́. Àwọn òpó náà kò ní gbé nǹkan kan dúró. Ẹwà lásán ni.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi yíya àwòrán ilé kọ́ ọmọ ilé ìwé, ẹ kọ́ tiyín láìní ọ̀ṣọ́ kankan: ògiri funfun, fèrèsé fífẹ̀, ó parí. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní dísípẹ́ńsárì, torí ó jọ ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ó fọwọ́ ra ògiri náà bí ẹni ń fọwọ́ ra ọmọ lórí.

Mo ti ka ìwé àwọn ayàwòrán ilé tó ronú bíi tiyín. Ohun tí kò bá ṣiṣẹ́ lára ilé, ẹ yọ ọ́ kúrò. Èrò wọn nìyẹn. Mo ka ti àwọn tó dé lẹ́yìn wọn tí wọ́n sì takò wọ́n. Àwọn yẹn gbà pé ó yẹ kí ilé bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kó yá òpó lọ́wọ́ ilé àtijọ́, kódà kó fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀yìn yín ni mo wà láti kékeré. Síbẹ̀, nígbà tí Bọ̀ọ̀dá fi àwòrán àwọn òpó náà hàn mí, inú mi dùn sí i. Ṣé mo ti dalẹ̀ yín ni?

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìpìlẹ̀ òpó kan bọ́ sórí ibojì yín, níwájú ilé tí a sin yín sí bí àṣà wa. Bọ̀ọ̀dá fẹ́ ká hú yín lọ sí itẹ́ òkú ìjọ. Bí a bá tẹ̀lé ẹ̀kọ́ yín, ibojì náà kò gbé nǹkan kan dúró, ó yẹ ká yọ ọ́. Bí a bá tẹ̀lé tàwọn kejì, òpó ẹ̀fẹ̀ ni yóò dúró lé yín láyà. Nínú gbogbo ìwé wọn, n kò rí ilé kan tí òkú ń gbé. Ibo ni wọ́n ń sin bàbá wọn sí?

Mo kúnlẹ̀ bẹ Bọ̀ọ̀dá lánàá kí wọ́n fi ibojì yín sílẹ̀. Wọ́n gbà nígbẹ̀yìn. Òpó mẹ́ta ni wọn yóò kọ́. Àyè ìkẹrin, níbi tí ẹ sùn sí, yóò ṣófo. Àwọn bíríkìlà ti ń fi wá rẹ́rìn-ín, pé èrò ọ̀nà yóò rò pé sìmẹ́ǹtì ló tán. Kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Ojú ilé náà yóò wọ́, kò sì ní wu ẹ̀yin, kò ní wu Bọ̀ọ̀dá. Ẹ forí jì mí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín ju ilé lọ.