Àlìkámà Kò Wọlé Wa Rí

Agnes ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Àkúrẹ́? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun? Ọlọ́run tó ń rọ òjò sórí kòkó wa ní Bọ́lọ́rundúró kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Àbúrò rẹ Wúrà ló ń bá mi kọ ọ́, ó sì ti fajú ro. (Àǹtí mi, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ni wọ́n ní kí n kọ. Ẹ má bínú sí mi.)

Ọ̀rọ̀ Ayọ̀mikún ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi ni. O mọ̀ pé ikùn rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti lékeléke, ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru ṣáá. A lo oògùn aràn títí, aràn kankan ò jáde. Dókítà l'Óǹdó wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní Ìbàdàn ni wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ tẹ̀ lé e, kí ẹ̀jẹ̀ má baà gbàgbé ẹni tó ni ín. Nọ́ọ̀sì kan tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ń rẹ́rìn-ín.

Èsì dé, dókítà ní ikùn ọmọ yìí ò gba àlìkámà, kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́ láyé. Inú mi dùn! Mo sọ fún un pé láti ayé bàbá mi a ò gbìn ín rí, n kò mọ ewé rẹ̀ pàápàá, àlìkámà kò wọlé wa rí. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó pe ẹlòmíràn wọlé.

Ni mo bá ń fi búrẹ́dì tọ́jú ọmọ. Kí là ń gbé lọ kí aláìsàn? Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé e wá, bísíkíìtì tí ìwọ náà fi ránṣẹ́, mò ń rẹ ẹ́ sínú tíì fún un. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń rù. A gbààwẹ̀. (Èmi ni wọ́n ní kí n gbà á, Àǹtí.)

Àfìgbà tí Bísọ́dún tó ń ṣe búrẹ́dì wá kí wa. Mo ròyìn fún un, ó ranjú, ó ní Ìyá, kí lẹ rò pé wọ́n fi ń ṣe fúláwà búrẹ́dì, ṣebí àlìkámà ni? Agnes o! Èmi tí mo ní mò ń ṣìkẹ́ ọmọ, èmi ni mò ń pa á lọ. Mo sunkún bí ọmọdé.

Iyán àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè ló ń jẹ báyìí. Ẹni tó bá gbé búrẹ́dì wá, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pásítọ̀ bínú díẹ̀.

Lánàá, ọmọ yàgbẹ́, ó le! Mo pe gbogbo àdúgbò wá wò ó, Ìyá Kìtán jó. (Èmi ò lọ wò ó o.)

Jọ̀ọ́, fi owó ẹyin àti ẹja ránṣẹ́, má fi bísíkíìtì ránṣẹ́ mọ́. Ohun tí a fi ń kẹ́ ọmọ wa kò ní di májèlé lọ́wọ́ wa. Àmín.

Èmi ni, ìyá rẹ.