Mi Ò Ní Tọrọ Àforíjì Lórí Fíìmù Yẹn

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn, mo kí Màmá, mo sì kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ràfíù. Ara mi le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ẹ ò gbé fóònù mi mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí síta, kí gbogbo ẹni tó ń fi mí ṣe ọ̀rọ̀ sọ lè bá yín kà á.

Òtútù ìlú òyìnbó ń mú mi dé eegun. Àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀ fún, tí mò ń fún lóúnjẹ, mi ò sì rí ẹni bá sọ Yorùbá látàárọ̀ dalẹ́. Ìgbà tí Bọ̀dá Ràfíù pè mí níbi iṣẹ́, inú mi kọ́kọ́ dùn. Àfi bí wọ́n ṣe ní ẹ ní kí n ṣe fídíò, kí n sọ pé ńṣe ni wọ́n tàn mí ṣe fíìmù náà, kí n sì tọrọ àforíjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní dá sí ìgbéyàwó mi.

Ta ló tàn mí? Fíìmù ẹ̀fẹ̀ ayé àtijọ́ ni, ìtòsí Ìrẹsà la ti yà á kí n tó rìnrìn àjò. Opó tó ń hun aṣọ ni mo ṣe, ọkàn rẹ̀ fà sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ òfì rẹ̀. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ba òfì jẹ́ kí ọkùnrin náà lè padà wá tún un ṣe. Nígbà tó yá, opó náà fi osùn pa á lẹ́yìn, kò sì kánjú. Ohun tó ń bí àwọn èèyàn nínú kò ju pé obìnrin ló kọ́kọ́ fẹ́, ojú ò sì tì í. Ẹni tó ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà ńkọ́? Wọ́n ń bá a ya fọ́tò kiri Ọ̀yọ́. Èmi ni wọ́n ń pè ní aṣẹ́wó, ẹ̀yin sì gbọ́, ẹ dákẹ́.

Bàbá, ìtàn wo lẹ máa ń sọ fún wa bí a bá ti ń kó ọmọ jáde? Pé ẹ̀ ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Tákíè, Màmá ránṣẹ́ sí yín láti Ọ̀yọ́ pé tiwọn bàjẹ́. Ẹ gun ọ̀kadà lọ, ẹ tú u, ẹ ò rí nǹkan kan tó ṣe é. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún ránṣẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń parí rẹ̀ pé, "Máṣíìnì ò ṣàìsàn o, èmi ni wọ́n ń wá." Gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín, Màmá á fi ìborùn bojú. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìṣekúṣe.

Mi ò ní ṣe fídíò kankan. Kò sẹ́ni tó tàn mí, mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mo sì gbádùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí obìnrin fẹ́ ọkùnrin kó sì wá ọgbọ́n tí yóò fi rí i, ẹ kọ́kọ́ ní kí Màmá tọrọ àforíjì tiwọn.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹ rí ogun ọmọ. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará ìta, títí dórí àwọn tó ń bú mi. Mò ń bọ̀ wá ṣègbéyàwó, àga yín á wà níbẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù