Igi Àjà Rẹ Wà Lára Ògiri Lalla Batul

Ilé wa, Fẹ́ẹ̀sì,
Ìgbà ìkórè ólífì.

Ghita, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó sì bá ọmọ rẹ lẹ́nu ẹ̀rín. Ara tiwa náà le, àfi orúnkún mi tó ń bá mi jà. Ṣùgbọ́n lónìí, ta ló ráyè orúnkún? Jókòó dáadáa kí o tó máa kà á lọ, nítorí a ti ṣẹ́gun!

Látìgbà tí ọkọ rẹ ti kú tí ilé àwọn àna rẹ ní Tánjà ti há mọ́ ọ, oorun mi kì í jinlẹ̀. O sọ fún mi lórí fóònù pé, “Ìyá, ilé wa ti kún. Mi ò lè wá máa sùn láàárín àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bí àlejò nílé bàbá mi.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo sọ fún bàbá rẹ pé yàrá gbọ́dọ̀ dúró lórí òrùlé kí òjò tó dé. Ibi kan ṣoṣo tó gbà á ni ẹ̀gbẹ́ ògiri tí àwa àti ilé Lalla Batul jọ ni, igi àjà sì gbọ́dọ̀ wọnú ògiri náà. Bí Batul bá kọ̀, kò sí yàrá nìyẹn.

Bàbá rẹ ní kí n fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó sọ fún Si Larbi, ọkọ Batul. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n mu tíì, bàbá rẹ wá rìn wọlé bí ọba: “Mo ti sọ fún aládùúgbò!” Ọkùnrin tí wọ́n bí sí Fẹ́ẹ̀sì, tí kò mọ̀ pé ojú pópó ni tọkùnrin, orí òrùlé ni tobìnrin! Èmi rò pé Si Larbi á sọ fún ìyàwó rẹ̀. Si Larbi gbàgbé pátápátá.

Ó wá di ọjọ́ iṣẹ́. Batul jókòó sínú oòrùn lórí òrùlé tirẹ̀, làálì rin gbogbo orí rẹ̀ bí ẹrẹ̀, ẹ̀wù àkísà lọ́rùn, ó ń kọrin. Àfi bí orí àwọn bíríkìlà ṣe yọ lókè ògiri, tí wọ́n ní, “Salaam.” Háà! Ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ fò wá, korobá tẹ̀ lé e, bàtà kò gbẹ́yìn. “Ta ló sọ fún mi? Ta ló sọ fún mi pé ọkùnrin ń bọ̀ lórí òrùlé? Títí màá fi kú, ògiri yìí ò ní gba ẹyọ igi yín kan!” Si Larbi ní òun ti gbà fún wọn. Ó dá a lóhùn pé, “Baálé mi, ẹ̀yin lẹ ni ojú pópó. Ẹ lọ kọ́lé fún wọn níbẹ̀.”

Àwọn ọkùnrin gbé odindi òkìtì ṣúgà lọ fi bẹ̀ ẹ́, ó dá a padà láti ẹnu ọ̀nà. Lèmámù bá a sọ̀rọ̀, ó kọ etí ikún. Ojú ọ̀run ṣú, àwọn bíríkìlà ní àwọn á gba iṣẹ́ ibòmíràn. Mo sunkún, Ghita, mi ò purọ́ fún ọ.

Nígbà tí mo nu ojú tán, mo po làálì, mo fi kun orí ara mi. Mo wọ ẹ̀wù játijàti tí o ti ń bẹ̀ mí kí n sọ nù, mo gun òkè. Mo wúkọ́ kí n tó yọjú, bó ṣe yẹ. “Batul, èmi ni o. Obìnrin ni mí, mo sì burẹ́wà ju bí wọ́n ṣe bá ọ lọ.” Ẹ̀rín bá já jáde nímú rẹ̀. “Zhor, o dà bí ìkòkò tí wọn ò fọ̀!” Mo ní, “Ìwọ ńkọ́, tí bíríkìlà sá fún?” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ó tún fajú ro. “Ó yá, sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n sọ ọ́.” Mo sọ ọ́. Mo fi ibi tí yàrá máa dúró hàn án, àti bó ṣe máa ga tó. Mo ní òkè ólífì ni fèrèsé máa kọjú sí, kì í ṣe òrùlé rẹ̀. Mo ní ọkùnrin kankan ò ní gòkè àfi tí mo bá kọ́kọ́ ké sí Batul tí òun náà sì dáhùn. Mo wá sọ ẹni tó ni yàrá fún un, àti ọ̀rọ̀ àlejò tí o sọ.

“Ghita? Ghita tó máa ń gba búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́ mi lórí ògiri yìí?” Ojú rẹ̀ yí padà. “Igi, igi ni gbogbo yín ń sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ èèyàn! Ẹ gbé igi yín wá.”

Àṣé ọ̀gá iṣẹ́ la gbà! Ó dì gèlè, ó dúró ti bíríkìlà: “Gbẹ́ ẹ jìn! Ṣé ológoṣẹ́ ló fẹ́ sùn níbẹ̀ ni?” Lọ́jọ́ tí a bo òrùlé, òun ló kọ́kọ́ han igbe ayọ̀, gbogbo òrùlé àdúgbò sì gbè é. Alẹ́ ọjọ́ náà ni òjò dé. Ẹ̀kán kan ò jò.

Máa bọ̀, ọmọ mi. Orí igi àjà rẹ kan wà lára ògiri wa, orí kejì wà lára ti Batul. Ẹni tó bá fẹ́ pè ọ́ ní àlejò níbí, kó kọ́kọ́ wó ilé méjì.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kí ó fi ẹsẹ̀ ayọ̀ gbé ọ wọlé, kí yàrá náà tù ọ́ lára. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ sílẹ̀,
Zhor.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: bàbá rẹ ti kọ́gbọ́n. Kó tó gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn báyìí, ikọ́ tó ń wú á pọ̀ ju ti aláìsàn lọ. Batul a sì dáhùn láti òkè pé, “A ti gbọ́! Wọ́n ti gbọ́ ní Tánjà!”