Hóró Ata Ilẹ̀ Pupa Tó Sọ Mí Di Òjòwú

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara yín le, ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi? Èmi náà wà, ṣùgbọ́n owú ti wọ̀ mí nínú, ó ń jẹ mí bí ikán ti ń jẹ pákó. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún.

Nọ́ọ̀sì ló sọ fún ìyàwó mi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè, pé bí kò bá ṣọ́ra, ó lè di àtọ̀gbẹ. Ẹ kúkú mọ ohun tó pa màmá wa. Ló bá kọjá sọ́dọ̀ apòògùn tó wà ní ìkóríta. Ọ̀dọ́kùnrin náà dára débi pé Aréwà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó fún un ní ìgò hóró oògùn kan tí wọ́n fi ata ilẹ̀ pupa ṣe.

Láti ìgbà náà, orúkọ Aréwà ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Aréwà ní kó dín búrẹ́dì kù. Aréwà ní ìrìn àárọ̀ dára. Ikùn rẹ̀ wọlé, aṣọ tó ti fún un tẹ́lẹ̀ ń ṣò lára rẹ̀, ó sì ń kọrin ní balùwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń kọrin fún? Ìrònú mú kí n gé ilẹ̀kùn oníbàárà kan kúrú nídìí iṣẹ́ káfíńtà mi. Mo tiẹ̀ gbóòórùn ìgò oògùn yẹn, bí ẹni pé ọkùnrin ló fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo tẹ̀lé e dé ṣọ́ọ̀bù Aréwà. Mo lọ lóṣòó sẹ́yìn pẹpẹ ìlédìí ọmọdé, èmi bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin.

“Tíṣà,” Aréwà ń pe ìyàwó mi bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe ń pè é, “ẹ má kó gbogbo ọpẹ́ fún ata ilẹ̀ o. Ó lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ kò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Ìrìn yín àti oúnjẹ yín ló ṣiṣẹ́ jù. Ẹ má lò ó ju bí mo ṣe sọ lọ, kó má baà pa ẹ̀dọ̀ yín lára. Ta ló ń bá yín rìn?”

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. “Kò sẹ́nì kankan. Mo máa ń jí ọkọ mi, á kọjú sógiri. Ikùn tiẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Mò ń tọ́jú ara mi kí n lè lágbára láti tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dùbúlẹ̀ ni.”

Mo fẹ́ dìde, ejìká mi gbá pẹpẹ, ìlédìí ya lulẹ̀. Àwọn méjèèjì yíjú. Abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò ṣúgà ni Aréwà mú, ó gún mi níka. Ṣúgà tèmi ga ju tìyàwó mi lọ fíofío. Dókítà ti fún mi lóògùn báyìí, èmi àtìyàwó mi sì jọ ń rìn láràárọ̀. Ó ń lọ níwájú, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn awakọ̀ á máa kígbe pé, “Tíṣà, ẹ ti di ọmọge!” Kò sẹ́ni tó ń kí mi. Owú yẹn ò tíì lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ó kàn ti kọ́ ìrìn ni.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn àti ara líle kẹ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Èmi ni,
Àbúrò yín, káfíńtà.

Àfikún: Ìyàwó mi ti ń béèrè ẹni tí mò ń kọ̀wé sí tí mo fi ń dá rẹ́rìn-ín. Mi ò dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kóun náà jowú díẹ̀.