Má Sọ Ibi Tí Fainẹ́sì Wà

Jailọ́sì àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ tí òtútù Johannesburg ń fìyà jẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò lọ. Kòkòrò ti wọ àgbàdo inú aká, ìyẹn náà kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Fainẹ́sì, ọmọ àbúrò wa obìnrin, ló mú mi kọ̀wé. Ọkọ rẹ̀, Lamẹ́kì, lu eyín méjì yọ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n Lamẹ́kì gbé àkùkọ wá fún èmi nkhoswe, tí mo ṣe alágbàwí ìgbéyàwó náà.

"Bàbá, ẹ gba adìẹ, ká parí ẹ̀. Ìjà tọkọtaya lásán ni."

"Ṣé àkùkọ yìí ló máa hu eyín fún ọmọ mi?"

Ó rí mi lára. Nígbà tí Lamẹ́kì lù ú lọ́dún tó kọjá, mo jẹ irú adìẹ bẹ́ẹ̀, mo tún lá ìka, mo sì fi ọwọ́ ara mi fa Fainẹ́sì padà fún un. Mo kórìíra ara mi.

Àwọn obìnrin tó ń ran àwọn tí ọkọ ń lù lọ́wọ́ ní ìlú Zomba ti fún un ní yàrá, wọ́n ń kọ́ ọ ní aṣọ rírán, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti padà síléèwé. Èmi nìkan ni wọ́n fi ibẹ̀ hàn, mo sì sọ fún ọ. Mo wá gbọ́ pé Lamẹ́kì ń pè ọ́, o sì ń pè é ní "àna wa". Ìríra gbáà! Mo bẹ̀ ọ́, má sọ ibẹ̀ fún un. Bí o bá rí àlùmọ́gàjí tó mú, fi ránṣẹ́ sí Fainẹ́sì.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Ìwọ náà, ṣọ́ ẹnu rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Makwinja